Ẹfun tó ń jáde lára ìka ìyá mi: ṣé wàrà ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 52. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kókó líle kéékèèké ti ń so sí wọn lórí ìka ọwọ́ àti níbi ìgúnpá. Kò kọ́kọ́ dùn wọ́n. Nígbà tó yá, méjì nínú rẹ̀ bẹ́, nǹkan funfun bí ẹfun tí wọ́n pò mọ́ omi sì ń ti ibẹ̀ jáde. Tí ọyẹ́ bá dé, tàbí tí wọ́n bá ki ọwọ́ bọ omi tútù, ìka wọn á funfun, lẹ́yìn náà á dúdú bí aró. Oúnjẹ tún máa ń há wọn láyà nígbà míì. X-ray tí wọ́n yà ládùúgbò ní kálísíọ̀mù ló wà níbẹ̀. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n má mu wàrà mọ́, kí wọ́n má sì jẹ edé àti panla. Ẹlòmíì ní ká fi abẹ́rẹ́ tú u kí gbogbo rẹ̀ lè jáde. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí màmá máa mu wàrà wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ kan ìka yẹn. Ohun tí ẹ kọ yìí ti tó ká fi fura sí àìsàn kan pàtó, àìsàn náà kì í sì í ṣe ti oúnjẹ. Ibi tí ẹran ara ti bàjẹ́ ni kálísíọ̀mù ti lọ jókòó. Ohun tó ba ẹran ara náà jẹ́ ló yẹ ká máa wá.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Kálísíọ̀mù tó wà lóde sẹ́ẹ̀lì fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju ti inú rẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀lì tó bá sì ń gbádùn ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti máa lé e síta. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibì kan dáadáa, tàbí tí ibẹ̀ ń fara gbọgbẹ́ léraléra, àwọn sẹ́ẹ̀lì á kú, kálísíọ̀mù á rọ́ wọlé, á bá fọ́sífétì, èròjà míì tó wà nínú ara, pàdé, àwọn méjèèjì á sì dì di hydroxyapatite, èròjà kan náà tó mú kí egungun le. Ìdí nìyẹn tí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ fi sábà máa ń wà níwọ̀n tó yẹ. Ẹni tó bá ní kí màmá yọwọ́ nínú wàrà kò mú nǹkan kan kúrò ní ìka wọn. Egungun wọn ni ìyà náà máa jẹ. Obìnrin tó ti lé ní ọdún 50 nílò nǹkan bí 1,200 mílígíráàmù kálísíọ̀mù lójúmọ́, ife wàrà kan sì ń mú nǹkan bí 300 wá. Edé àti panla kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ, ìka tó ń yí àwọ̀ nínú òtútù ló ṣe pàtàkì jù. Raynaud ni wọ́n ń pe ìyẹn, orúkọ dókítà ará Faransé tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1862: àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú ìka ń fún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráàyè kọjá fún ìgbà díẹ̀. Oúnjẹ tó ń há láyà sì jọ pé ọ̀nà oúnjẹ nísàlẹ̀ ọ̀fun kò lágbára tó láti tì í sọ̀ kalẹ̀. Tí a bá pa ìwọ̀nyí pọ̀ mọ́ kókó ẹfun, àìsàn tí dókítà yóò kọ́kọ́ wò ni systemic sclerosis, pàápàá oríṣi rẹ̀ tí awọ líle rẹ̀ kì í sábà kọjá ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú. Àwọn ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló yíjú padà sí ara nínú àìsàn yìí. A ò lè fi ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà sọ pé òun gan-an ni, ṣùgbọ́n ohun díẹ̀ wà tí ẹ lè wò nílé kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹ mú màmá jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ wà. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ yín gbé awọ ẹ̀yìn ìka wọn sókè. Awọ tó dára á ká, á sì gbé. Èyí tó ti gan kò ní gbé. Á máa dán, àwọn ìlà tó máa ń wà lẹ́yìn oríkèé ìka á sì ti parẹ́. Ẹ wo orí ìka bóyá ihò kéékèèké bí ojú egbò tó ti jinná wà níbẹ̀. Ẹ wo inú ètè àti àtẹ́lẹwọ́ fún àmì pupa tín-ín-tìn-ìn-tín, torí pé ibẹ̀ ló ti rọrùn jù láti rí i lára awọ dúdú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àyà, ẹ̀yìn lókè, àti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí. Tí awọ ibẹ̀ bá ti ṣí funfun, àmọ́ tí ojú ihò irun kọ̀ọ̀kan ṣì dúdú, ẹ sọ fún dókítà. Àmì yìí wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú tó ní àìsàn yìí, àwọn ènìyàn sì máa ń rò pé ìpara bíbó ló fà á, tàbí kí wọ́n pè é ní vitiligo, kí wọ́n wá máa ra ìpara lórí ìpara.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ ríi dájú pé kì í ṣe gout. Gout náà máa ń so kókó sí ìka àti ìgúnpá, nǹkan funfun sì máa ń ti inú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n uric acid ló dì níbẹ̀. Oríkèé ẹni tó ní gout sábà máa ń ti wú, tí yóò sì ti ta á burúkú lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí kókó tó yọ, pàápàá ní oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Lórí X-ray, kókó gout kì í mọ́lẹ̀ kedere bíi ti kálísíọ̀mù. Kókó awọ lásán tún wà, tí ohun inú rẹ̀ máa ń rùn tó bá bẹ́. Ẹfun kálísíọ̀mù kì í rùn, ó sì máa ń ní hóró tó ń ha ọwọ́ tí ẹ bá wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fi ìka méjì fọwọ́ rà á. Bí iyèméjì bá ṣì wà, dókítà á gé ẹran kékeré níbẹ̀ lọ fún yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n ní àwọ̀ kan tí wọ́n ń dà sí i, von Kossa lorúkọ rẹ̀, tó ń mú kí ibi tí kálísíọ̀mù wà di dúdú. A kì í sábà nílò èyí tí X-ray bá ti ṣe kedere. Gígé ìka tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe ṣeré.

Ní ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò wọ́n: kálísíọ̀mù, albumin (purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀), fọ́sífétì, creatinine àti urea fún kíndìnrín, alkaline phosphatase, àti uric acid. Kálísíọ̀mù tó yẹ wà láàárín 8.5 sí 10.5 mg/dL, fọ́sífétì láàárín 2.5 sí 4.5 mg/dL. Ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò wa ń kọ èsì ní mmol/L. Kí ẹ lè yí i padà, ẹ sọ kálísíọ̀mù di ìlọ́po 4, fọ́sífétì di ìlọ́po 3.1. Apá tó pọ̀ nínú kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ ló so mọ́ albumin, nítorí náà, tí albumin bá lọ sílẹ̀, èsì kálísíọ̀mù á kéré ju bó ṣe rí gan-an lọ. Bí a ṣe ń tún un ṣe nìyí: ẹ yọ albumin kúrò nínú 4, ẹ sọ ohun tó kù di ìlọ́po 0.8, kí ẹ fi kún kálísíọ̀mù. Bí àpẹẹrẹ, kálísíọ̀mù 8.2 pẹ̀lú albumin 3.0 g/dL túmọ̀ sí 9.0 gan-an, kò sì sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ wá sọ iye yẹn di ìlọ́po fọ́sífétì. Tí fọ́sífétì bá jẹ́ 3.6, ẹ ó rí 32.4. Tí èsì bá kọjá 70, ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá: kálísíọ̀mù lè máa dì sínú ẹran ara tí kò tilẹ̀ bàjẹ́ rárá, kíndìnrín sì ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ibi tí èsì ti máa ń ṣini lọ́nà pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Tí wọ́n bá so okùn mọ́ apá pẹ́ kí wọ́n tó rí iṣan, kálísíọ̀mù á ga lórí ìwé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá fọ́ nínú ìgò, tàbí tó pẹ́ nínú oòrùn kó tó dé yàrá àyẹ̀wò, fọ́sífétì ni yóò ga. Èsì kan ṣoṣo tó yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí màmá móoru dáadáa kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, kí ẹni tó ń fà á má sì gún orí ìka.

Èyí tó wọ́n ni àyẹ̀wò ti àìsàn gan-an. Ẹ ṣe ANA ṣáájú, àyẹ̀wò tó ń wá àwọn èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. Tí kò bá sí nínú ẹ̀jẹ̀, systemic sclerosis kò dájú mọ́, ẹ lè fi owó ìyókù pamọ́ ná kí dókítà tún ronú. Tó bá wà níbẹ̀, anti-centromere àti anti-Scl-70, oríṣi méjì nínú àwọn èròjà yẹn, ló kàn láti wá. Èkíní sábà máa ń bá oríṣi tó rọrùn díẹ̀ rìn, èkejì máa ń bá èyí tó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà á tún ní kí wọ́n wo ọkàn pẹ̀lú echo (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn) àti ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú àyẹ̀wò èémí, bí màmá ò tilẹ̀ húkọ́. Àwọn dókítà oríkèé tí wọ́n ń pè ní rheumatologist ló mọ àìsàn yìí jù, ilé ìwòsàn olùkọ́ni bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà ni ẹ ti lè rí wọn. Ẹ má mú màmá lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ṣáájú.

Torí àwọn mìíràn tó máa ka èyí tí kókó tiwọn kò rí báyìí, ẹ jẹ́ ká sáré mẹ́nu kan ohun mélòó kan. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún léraléra sí ìdí lè pa ọ̀rá ibẹ̀, kó sì fi kókó kálísíọ̀mù sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí kò bá dunni, kò nílò ìtọ́jú. Sòbìà tó kú sínú ẹran ẹsẹ̀ náà ń di kálísíọ̀mù, lórí X-ray ẹ ó rí i bí okùn gígùn tó ká lọ ká bọ̀. Ọdún 2008 ni Nàìjíríà ti rí aláìsàn sòbìà kẹ́yìn, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ní in ní kékeré ṣì lè gbé òkú rẹ̀ kiri. Ọkùnrin tí kókó funfun líle tí kò dunni ń so sí awọ ẹpọ̀n rẹ̀, iṣẹ́ abẹ kékeré ni ìtọ́jú rẹ̀, kì í ṣe àtọ̀sí. Kókó ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí tàbí èjìká ọ̀dọ́ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ náà ní irú rẹ̀ lè jẹ́ àìsàn ìdílé tó ń mú kí fọ́sífétì ga. Ọmọdé tí okun itan àti èjìká rẹ̀ ń dínkù, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú tó sì yí àwọ̀, dermatomyositis, àìsàn tó ń ba iṣan àti awọ jẹ́, ni ká wò, kálísíọ̀mù sì lè pọ̀ gan-an lára rẹ̀ tí ìtọ́jú bá pẹ́. Ọmọ ọwọ́ tí omi calcium gluconate (oògùn kálísíọ̀mù) tú sí lára nígbà tí wọ́n ń fi omi sí i lọ́sibítù lè yọ kókó líle níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màmá. Kò sí oògùn kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń yọ́ kálísíọ̀mù yìí dànù. Ẹni tó bá ta ìgò àgbo fún yín pé ó ń "fọ ẹfun" kàn fẹ́ gbowó ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù kò ní ariwo: kí ìka móoru, kí a má fi í gbá nǹkan, kí ẹ̀jẹ̀ máa dé ibẹ̀. Kí màmá máa wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà nígbà tí wọ́n bá ń fọ aṣọ tàbí tí wọ́n ń mú ẹja láti inú firísà, kí wọ́n sì wọ ìbọ̀wọ́ òwú lásìkò ọyẹ́. Kí gbogbo ara móoru, kì í ṣe ọwọ́ nìkan, nítorí pé àyà tó tutù náà ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ ìka pọ̀. Sìgá àti áásà kò yẹ kó sún mọ́ wọn. Ẹ tún wo oògùn tí wọ́n ń lò: propranolol (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan) àti oògùn ọ̀finkìn tó ní pseudoephedrine lè mú Raynaud le sí i. Nifedipine, oògùn tó ń la òpó ẹ̀jẹ̀, ni dókítà sábà máa ń kọ fún Raynaud.

Fún kókó fúnra rẹ̀, diltiazem ni oògùn tí wọ́n ti lò jù, láàárín 180 sí 480 mg lójúmọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ẹ̀rí tó wà fún un kò lágbára. Àwọn kan rí i pé kókó dínkù, ọ̀pọ̀ kò rí nǹkan kan. Ó máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ ríru kalẹ̀, ó ń mú ẹsẹ̀ wú, ó sì léwu tí wọ́n bá lò ó pọ̀ mọ́ atenolol tàbí propranolol nítorí pé ìlù ọkàn lè rẹlẹ̀ jù. Minocycline 50 sí 100 mg lójúmọ́ lè mú kí wíwú àti pípọ́n ìdí kókó rọlẹ̀, ó ń gba oṣù púpọ̀, ó sì lè fi àwọ̀ dúdú bí aró sí awọ. Colchicine 0.5 mg, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, wúlò nígbà tí kókó bá ń ta. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn, kò sì dára fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára. Ìpara sodium thiosulfate wà tí apòògùn ilé ìwòsàn lè pò, ìwọ̀n 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dára fún kókó tó wà lókè awọ ju èyí tó wọlẹ̀ lọ. Ẹ gbìyànjú ẹyọ kan fún oṣù mẹ́fà. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lóṣooṣù. Láìsí ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí kókó bá bẹ́, ẹ po ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ sínú ife omi kan tí ẹ ti sè tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó bá ti tú, á jáde fúnra rẹ̀. Ẹ má fún un, ẹ má fi abẹ́rẹ́ wá a, torí pé ẹfun yẹn kò sí nínú àpò kan tó ṣeé tú dànù. Ó wọnú ẹran, ó yí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ìka ká, ẹni tó bá ń wá a kiri á gé wọn. Ẹ fi fasilíìnì àti gọ́ọ̀sì mímọ́ bò ó, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má da sípíríìtì sí i. Pípọ́n nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé kòkòrò ti wọlé, kálísíọ̀mù fúnra rẹ̀ ń mú ẹran bínú, nítorí náà ẹ má ra oògùn apakòkòrò nígbàkígbà tí ó bá pọ́n. Ibà, òórùn, ọyún aláwọ̀ ewé tàbí pípọ́n tó ń gun ọwọ́ lọ sókè ni ẹ óò fi mọ̀ pé kòkòrò ti wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ wà fún kókó tó ń ta lálẹ́ tàbí tí kò jẹ́ kí ọwọ́ mú nǹkan, àti èyí tó ń bẹ́ léraléra. Oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ ọ́n máa dín in kù ni, kò ní gbìyànjú láti kó gbogbo rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti ṣe irú ìka bẹ́ẹ̀ rí, kí ẹ sì rán an létí Raynaud, kó lè ronú lórí okùn tí wọ́n ń so mọ́ ìka àti oògùn ìparalára tó ní adrenaline nínú. Egbò rẹ̀ lè pẹ́ kó tó jinná, kókó sì lè padà so. Kí wọ́n má ṣe é lásìkò ọyẹ́ tí wọ́n bá lè dúró.

Ohun kan wà tí ó léwu ju kókó lọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí oríkèé ń dùn máa ń ra oògùn inú ike tí kò lórúkọ, tàbí prednisolone (oògùn steroid), ní kẹ́míìsì. Nínú systemic sclerosis, prednisolone tó bá ti ń tó 15 mg lójúmọ́ lè ṣokùnfà kí ẹ̀jẹ̀ ríru fò sókè lójijì kí kíndìnrín sì dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ yẹ inú àpò oògùn màmá wò. Tí wọ́n bá ti ń lò ó pẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì, dókítà ni yóò dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bákan náà, fítámì D 50,000 IU tí wọ́n ń tà káàkiri kò yẹ kó wọ ẹnu wọn láìsí àyẹ̀wò. 4,000 IU lójúmọ́ ni òkè àlà fún àgbàlagbà tí kò sí lábẹ́ ìtọ́jú.

Ẹ ra ẹ̀rọ tí ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sílé, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ti ń wà ní 120/80 tẹ́lẹ̀, tó wá fò dé 150/90 pẹ̀lú orí fífọ́ tàbí ojú tó ń ṣú, ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ máa gbé wọn lọ sí ọsibítù. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí orí ìka bá dúdú tí kò padà lẹ́yìn tó móoru, tàbí tí èémí bá ń kúrú. Ẹni tó ń ṣe dialysis (ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́) tí itan tàbí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gidi, tí awọ ibẹ̀ le, tó ń dúdú, tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti màmá, calciphylaxis, kálísíọ̀mù tó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú awọ, ni a ń fura sí, kí ó sì sọ fún àwọn tó ń ṣe dialysis fún un lọ́jọ́ kan náà, pàápàá tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.